Kí Ẹ Tó Gbé Kajú Yín Wọ Gánà, Ẹ Wo Ìlú Náà Lọ́dún Tó Le

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo ń yan kóró kajú, mo ń dì í sínú ọ̀rá àti ike, mo sì ń tà á sí Ìbàdàn, Èkó àti Ìlọrin. Ọjà náà ń yá dáadáa. Ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Accra sọ pé bí mo bá gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, èrè tí mo máa rí á ju ti ilé lọ. Ó ti bá mi rí ọ̀kan láàárín ọjà, owó ọdún méjì ni wọ́n ń béèrè, mo sì ti ní owó náà lọ́wọ́. Kí ni kí n yẹ̀ wò nípa Gánà kí n tó san án? Ìyá Oníkajú, Tákìé.

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ má tíì san owó ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ẹ bá ti fún onílé ní àsansílẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe sùúrù fún yín. Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé owó yẹn kan náà lẹ máa fi ra kóró kajú nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún. Bó bá há sí Accra, ìdáná tó wà ní Tákìé ló máa kọ́kọ́ tutù.

N kò ní kí ẹ má tajà sí Gánà o. Ó wù mí gan-an kí ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjà yín wà ní Gánà, ọ̀tọ̀ ni. Kí ẹ̀yin fúnra yín ní ìsọ̀ ní Gánà, ọ̀tọ̀ ni. Òfin wọn mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì dáadáa, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni kò mọ̀ ọ́n títí wọ́n fi máa ń rí àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn.

Òfin tí mo ń sọ ni òfin 865 ti ọdún 2013, èyí tí GIPC, àjọ tó ń bójú tó ìdókòwò ní Gánà, ń lò. Abala 27 rẹ̀ to àwọn òwò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan: títa nǹkan nínú ọjà, ìkiri, títa nǹkan lórí àtẹ tàbí nínú ìsọ̀ níbikíbi, ilé ìṣerun àti ti onígbàjámọ̀, takisí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó 25, ṣíṣe ìwé àjákọ, omi inú ọ̀rá, títa oògùn òyìnbó ní wẹ́wẹ́. Abala 28 wá sọ pé àlejò tó bá fẹ́ ṣòwò rírà àti títà gbọ́dọ̀ mú ohun tí kò dín ní $1,000,000 wọlé, ìbáà jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ ọjà, kó sì gba ọmọ Gánà tó mọṣẹ́, ó kéré tán 20, síṣẹ́. Fún àwọn òwò mìíràn, $200,000 ni bí ẹ bá ní alájọṣe ọmọ Gánà tó ni ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ dá a ṣe, $500,000 ni. Irú òfin báyìí máa ń yí, nítorí náà èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóṣù tí ẹ bá fẹ́ gbéra ni kí ẹ kà, ẹ má gbára lé èyí tí ẹnì kan kà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, ìsọ̀ tí wọ́n bá yín rí láàárín ọjà kò bá ibì kankan mu nínú rẹ̀.

Ọmọ àbúrò ìyá yín kò parọ́ fún yín. Ó ń rí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń tajà ní Accra àti ní Kumasi lójoojúmọ́, àwọn mìíràn ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ohun tí kò sọ, bóyá torí pé kò tíì kàn án, ni pé òfin yìí máa ń sùn lọ́dún tí nǹkan bá dẹrùn, ó sì máa ń jí lọ́dún tí nǹkan bá le. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí nípa orílẹ̀-èdè mìíràn pé kó má wo ọdún tó dùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wá ọdún tó le jù lọ fún ìlú náà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí àlejò lọ́dún náà, sí ọjà rẹ̀ àti sí owó rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ irú ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀.

Ká sòótọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n wá máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn bàbá wa ṣòwò dé Tamale àti káàkiri apá àríwá Gánà, àwọn àti ará Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń sọ èdè ibẹ̀ bí onílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ta ló lè ta gbogbo ọjà inú ìsọ̀, kó gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà, kó ta ilé, kó sì wá ọkọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Gbèsè ló wọ Gánà lọ́rùn nígbà náà, iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́ wọn, ojú sì lọ sára àlejò tó ní ìsọ̀. Àwa náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ ilé wọn, àwọn ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kó ẹrù.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan kọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn títí di oṣù Kejìlá 2020. Ẹrù àwọn oníṣòwò Gánà tó ń bọ̀ wá sí Èkó há sójú ọ̀nà. Láàárín àkókò kan náà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra, òfin 865 yẹn kan náà ni GUTA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀, sì dì mú.

Ẹ lè sọ pé ECOWAS ńkọ́? Àwọn èèyàn wa sọ bẹ́ẹ̀ náà nígbà tí wọ́n ti ìsọ̀ wọn pa. Lóòótọ́ ni àdéhùn 1979 gbà wá láàyè láti wọ ìlú ara wa fún 90 ọjọ́ láì gba físà, àwọn àfikún tó tẹ̀ lé e ní 1986 àti 1990 sì sọ̀rọ̀ nípa ìgbélùú àti ìdásílẹ̀ okòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lónìí nílò kọ́kọ́rọ́ lónìí. Kò lè dúró de ìgbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè bá jókòó ṣèpàdé. Ẹ fi òfin ìlú ṣe ìṣirò yín, ẹ jẹ́ kí ti ECOWAS jẹ́ àlékún.

Ẹ̀bùn tí ará Ìbàdàn tàbí ará Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ ní wà nítòsí yín. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ti Gánà bọ̀ tí wọ́n ṣì wà láàyè, tàbí àwọn ọmọ wọn. Ẹ má bi wọ́n bóyá Gánà dára, wọ́n á ní ó dára, torí pé ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń rántí. Ẹ bi wọ́n pé: lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ, ta ló jẹ yín lówó? Èwo ló san nínú wọn, èwo ni kò san? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìsọ̀? Ọwọ́ ta lẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí? Ẹni tó bá dá yín lóhùn dáadáa ti ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ ìwádìí fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá ku owó, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nǹkan bíi sídì mẹ́fà, owó Gánà, ló ń ṣe dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún náà, dọ́là ti lé ní sídì 14. Ní oṣù Kejìlá, ọ̀wọ́n gógó dé 54.1%, oṣù yẹn kan náà ni ìjọba Gánà kéde pé àwọn dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè tí wọ́n jẹ lókè òkun dúró ná. Ó di oṣù Karùn-ún 2023 kí IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá ìlú lówó, tó fọwọ́ sí $3 bílíọ̀nù fún wọn. Láti ìgbà náà nǹkan ti ń rọ̀, sídì sì gbérí gan-an ní 2025, débi pé ẹni tó bá wo Gánà lónìí nìkan lè rò pé owó wọn kì í mì.

Ká ní ẹ gbé ọjà sídì 6,000 fún oníbàárà kan láwìn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. $1,000 nìyẹn lọ́jọ́ náà. Kó wá san án ní oṣù Kọkànlá. Sídì 6,000 pé pérépéré ló máa kà lé yín lọ́wọ́, kò jẹ yín ní kọ́bọ̀, ẹ ò sì lè bá a jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, kò ní pé $430.

Ẹlòmíràn á ní, "Náírà ni mo ń ná, kí ló kàn mí kan dọ́là?" Ó kàn yín ju ẹni tó ń ṣe gàrí lọ. Àwọn tó ń ra kóró kajú tí a kò tíì yan lọ sí Vietnam àti India lẹ̀ ń bá du ọjà lóko, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò iye tí wọ́n lè san fún àgbẹ̀. Tí náírà bá já bó ṣe já láti oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ jẹ́ kó wá ipò ara rẹ̀, owó kóró kajú ní oko á gbéra tẹ̀ lé dọ́là. Ohun tí ẹ fi ń ṣe ọjà yín, dọ́là ló ń wò. Ohun tí wọ́n ń san fún yín, sídì. Ohun tí ẹ fi ń san owó òṣìṣẹ́, náírà. Owó mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí èyí tó dúró lójú kan. Nítorí náà, ẹ fi dọ́là sọ iye ọjà yín nínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n máa san án ní sídì tó bá a mu lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án. Ẹ má sì jẹ́ kí àwìn kọjá ọgbọ̀n ọjọ́. Mo mọ̀ pé oníbàárà á kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Bí owó náà á ṣe délé ńkọ́? Àjò kì í dùn kí onílé má relé, owó náà sì ní láti relé. Kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó kíkó ọjà lọ sókè òkun, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kó ọjà lọ síta, kí báńkì yín bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP, ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọjà tó ń jáde sílẹ̀, fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní àkáǹtì dọ́là. Owó ọjà tí kì í ṣe epo gbọ́dọ̀ wọlé láàárín 180 ọjọ́. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní PAPSS, tí wọ́n ṣí ní Accra ní oṣù Kìíní 2022, tí ẹni tó wà ní Gánà fi lè san sídì kí ẹni tó wà níbí gba náírà, láì jẹ́ pé owó náà kọ́kọ́ yí di dọ́là. Ẹ bi báńkì yín bóyá wọ́n ti wà lórí rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ọmọ àbúrò ìyá yín di owó mọ́ra nínú ọkọ̀ láti Aflao, ẹnubodè Gánà, wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjà náà fúnra rẹ̀. Gánà ń gbin kajú. Ní agbègbè Bono, ní Wenchi àti Sampa, oko kajú pọ̀ bí tiwa, Côte d'Ivoire tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sì ń kó kóró kajú jáde jù lọ láyé. Ìyẹn kò pa ọ̀nà mọ́ yín, torí pé púpọ̀ nínú kajú wọn ni wọ́n ń kó lọ láì yan án, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún tó le. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2022, nígbà tí sídì ń jábọ́, Ààrẹ Akufo-Addo sọ fún gbogbo ìlú pé báńkì àpapọ̀ wọn kò ní máa fi dọ́là ti àwọn tó ń kó ìrẹsì, adìyẹ, òróró àti omi èso wọlé lẹ́yìn mọ́, àwọn ohun tí Gánà lè ṣe fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ kajú. Àmọ́ ohun tí onílẹ̀ lè ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọjà yín pẹ́ níbẹ̀, kó ní ohun kan tí tiwọn kò ní: adùn kan, bí ẹ ṣe ń yan án, bí ẹ ṣe ń dì í.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí, kò sì gbówó lórí. Dípò kí ọmọ àbúrò ìyá yín máa wá ṣọ́ọ̀bù, ẹ rán an lọ sí ilé ìtajà ńlá mẹ́ta àti ilé epo méjì ní Accra. Kó wá ibi tí wọ́n to kajú sí. Kó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kó ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ rí i kedere: ta ló yan án, ìlú wo, gíráàmù mélòó, ọjọ́ wo ló máa bàjẹ́, nọ́ńbà FDA Gánà (àjọ tó dà bíi NAFDAC tiwa) wà lára rẹ̀ àbí kò sí, èló ni. Kó fi ìka ra orí rẹ̀ bóyá eruku wà. Kó kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sílẹ̀, kó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó wò ó bóyá àwọn tó rí lọ́jọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí ọjọ́ ara rẹ̀ bá ti yí padà ló ń tà. Lẹ́yìn náà, ẹ pín iye owó kọ̀ọ̀kan sí gíráàmù ọgọ́rùn-ún, kí ẹ yọ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún ilé ìtajà àti alágbàtà, kí ẹ yọ owó ọkọ̀ àti ti ẹnubodè, kí ẹ wo ohun tó kù fún yín. Bí ohun tó kù bá dín sí ohun tí Ìbàdàn ń san, ẹ ti rí ìdáhùn.

Fún FDA yẹn, oúnjẹ tí wọ́n dì láti òkè òkun gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kó tó dé orí àtẹ. Nọ́ńbà NAFDAC yín kò tó fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á béèrè rẹ̀.

Ojú ọ̀nà kò ní gbà wá lọ́rọ̀ púpọ̀. Sẹ̀mẹ́, Kùtọnu, Hilla-Condji, Lomé, Aflao: orílẹ̀-èdè méjì lẹ máa là kọjá kí ẹ tó dé èyí tí ẹ ń lọ. Kajú tí ẹ ti yan tí ẹ sì ti dì kì í ṣe irè oko lásán mọ́ lójú òfin ECOWAS, ó nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá kó tó lè wọlé láì san owó ibodè. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń kó ẹrù lọ fi páálí díẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ gbogbo owó tí wọ́n bá ná sílẹ̀, títí kan èyí tí kò ní rìsíìtì.

Ẹ lè rí àwọn tó ń fi ipò orílẹ̀-èdè nínú ìwé Doing Business ti Báńkì Àgbáyé, tó ń to àwọn ìlú lórí bí òwò ṣe rọrùn níbẹ̀, gbà yín nímọ̀ràn, pé Gánà wà ní ipò 118, Nàìjíríà 131. Ìwé ti 2020 nìyẹn. Báńkì náà dá ìwé yìí dúró pátápátá ní oṣù Kẹsàn-án 2021 nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ti fọwọ́ kan àwọn àkọsílẹ̀ kan nínú rẹ̀, wọ́n sì ti gbé òmíràn, B-READY, jáde láti 2024. Kódà bó bá péye, kò sí ipò kankan tó lè sọ fún yín bí wọ́n á ṣe ṣe sí obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta kajú. Ẹ wá ẹni tó ti lọ ṣe irú òwò yìí tó sì padà wálé. Àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ ní ìdí tí wọ́n fi lè fẹ́ kí ẹ wá.

Ohun tí èmi máa ṣe bí mo bá wà nípò yín ni pé mo máa wá alágbàtà méjì tó jẹ́ ọmọ Gánà, kì í ṣe ẹyọ kan, kí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ mi ní Tákìé tàbí ní Èkó, kí ọjà di tiwọn kó tó kọjá Sẹ̀mẹ́. Wọ́n á san ìdajì kí ẹrù tó gbéra. Ìsọ̀ wọn ni, orúkọ wọn ni, òfin 865 kò ní rí yín wí. Èrè orí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan á kéré sí ti ẹni tó ní ìsọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó bá le, ohun tó pọ̀ jù tí ẹ lè pàdánù ni ẹrù ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ àbúrò ìyá yín lè máa bá yín wo orí àtẹ kí ó sì máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ gidi ni.

Orúkọ ọjà yín ló kù. Ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe ní Nàìjíríà kò dé Gánà. Kí páálí àkọ́kọ́ tó lọ, ẹ wá agbẹjọ́rò ibẹ̀ tó máa bá yín forúkọ àmì ọjà náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ín. Ti FDA ní láti gba ọwọ́ aṣojú tó wà ní Gánà kọjá, nítorí náà kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ ni ìforúkọsílẹ̀ náà, tí ẹ bá sì pààrọ̀ alágbàtà, kó yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí èyíkéyìí nínú àwọn alágbàtà náà bá ní òun á fi orúkọ ara òun ṣe méjèèjì torí pé bẹ́ẹ̀ ló yá jù, ẹ wá ẹlòmíràn.